Ẹ̀kọ́ ìsinmi àwọn oníṣẹ́ ọnà ní Ògbómọ̀ṣọ́: ó tówó ẹ̀, àmọ́ mo ní ẹjọ́ díẹ̀

Ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ ń bi mí léèrè ẹ̀kọ́ ìsinmi tí ọmọ mi lọ, ẹ jẹ́ kí n kúkú kọ ọ́ síbí kí ẹnu mi lè sinmi. Owó mi ò gbé. Màá tún rán an lọ. Ẹjọ́ tí mo ní náà, màá rò ó, ẹ fara balẹ̀.

Ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọnà kan ló ń ṣe é nínú gbọ̀ngàn tí wọ́n háyà lápá Tákíè, fún àwọn ọmọ SS1 sí SS3. ₦15,000 ni wọ́n gbà. Kì í ṣe lẹ́sìnnì Maths àti English o, ẹni tó bá ń wá ìyẹn kó gba ibòmíràn lọ. Ọ̀rọ̀ àwọn tó filé sílẹ̀ lọ sí ìlú onílùú ni wọ́n ń tú palẹ̀ níbẹ̀: kí ló lé wọn kúrò nílé, kí lojú wọn rí lọ́hùn-ún, ta ló rẹ́ wọn jẹ. Ohun tí àwọn ọmọ bá gbọ́ lẹ́nu àgbà, wọ́n á jọ fi ṣiṣẹ́ ọnà. Àwọn kan ṣe eré, àwọn kan ń gba ohùn àgbà sílẹ̀ sórí fóònù (jẹnẹrétọ̀ ti fi ariwo ba ìyẹn jẹ́, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀), àwọn kan sì rán aṣọ ńlá kan. Ọ̀dọ̀ àwọn aláṣọ lọmọ tèmi wà. Télọ̀ lèmi náà, nítorí náà ibẹ̀ ni ojú mi kọ́kọ́ lọ.

Báàgì Ghana must go ni wọ́n tú tí wọ́n fi rán an. Ẹni tó bá ti gbé àlùmọ́gàjí lé báàgì yẹn rí mọ̀ pé bó o ṣe ń gé e ló ń tú, fọ́nrán ẹ̀ á máa yọ jáde bí irun àgbàdo. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ rán tú mọ́ wọn lọ́wọ́. Olùkọ́ wọn ń wò wọ́n, kò bá wọn ṣe é. Ọmọkùnrin kan ló dábàá àbẹ́là: wọ́n tan án, wọ́n ń fi etí ibi tí wọ́n gé kọjá lórí iná wẹ́rẹ́, kó yọ́ díẹ̀ kó lè dì. Wọ́n wá ṣẹ́ ẹ sínú lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n fi abẹ́rẹ́ tí a fi ń rán jíǹsì rán an mọ́lẹ̀. Nígbà tí mo débẹ̀ mo fi ọwọ́ méjèèjì fà á, ojú rírán ẹ̀ ò mì. Ọmọ iṣẹ́ kan wà lọ́dọ̀ mi tó ti ń lọ sí ọdún kejì tí kò tíì lè ṣẹ́ etí aṣọ báyẹn. Ẹ má sọ fún un.

Iwájú aṣọ náà, ọdún 1969 ni. Ta ni kò mọ̀ l'Ógbómọ̀ṣọ́ pé àwọn bàbá wa kún Gánà nígbà kan, ní Kùmásì, ní Tàmálè, tí wọ́n ń ta aṣọ àti wọ́sìwọ́sì, tó jẹ́ pé àwọn ọlọ́jà wa yìí náà ló gbé ìjọ Baptist dé ọ̀pọ̀ ibẹ̀? Ní 18 oṣù kọkànlá ọdún náà, ìjọba Kofi Busia ní Gánà kéde pé àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú gbọ́dọ̀ kúrò láàárín 14 ọjọ́. Ṣọ́ọ̀bù, ilé, gbèsè tí wọn ò tíì gbà, gbogbo ẹ̀ ló ṣẹ́ kù sẹ́yìn. Màmá mi wà lára àwọn ọmọ tí wọ́n kó wálé lọ́dún yẹn. Títí di òní, tí inú bá ń bí wọn gan-an, Twi, èdè Gánà, ni wọ́n fi ń bú wa. Àwọn ọmọ fi àgékù ańkárá ṣe ìlú kọ̀ọ̀kan tí wọ́n gbà kọjá, Accra, Lómé, Kútọnù, wọ́n wá fi òwú dúdú so wọ́n pọ̀ títí dé Ògbómọ̀ṣọ́.

Wọn ì bá dúró síbẹ̀. Olùkọ́ wọn ló bi wọ́n pé báàgì tí wọ́n ń gé yìí, ta ló kó ẹrù sínú ẹ̀? Bí wọ́n ṣe dé orí 1983 nìyẹn, nígbà tí ìjọba Shagari lé àwọn àjèjì tí kò níwèé, èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù kan, ará Gánà ló sì pọ̀ jù nínú wọn; irú báàgì yìí ni wọ́n fi kó ẹrù wọn lọ, ibẹ̀ ló ti gba orúkọ Ghana must go. Ìjà fẹ́ẹ̀ bẹ́ sílẹ̀. Ọmọbìnrin kan ní dandan, “Ẹ̀SAN” ni káwọn kọ sí i, ṣebí àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ lé wa. Ọmọkùnrin alábẹ́là yẹn kò gbà. Ọmọ Ìjẹrù ni, ó ní ogun ló lé àwọn bàbá òun wá sí Ògbómọ̀ṣọ́, ìlú sì gbà wọ́n, ta ni wọ́n wá gbẹ̀san ìyẹn lára ẹ̀? Wọ́n fa ọ̀rọ̀ yìí títí. Nígbẹ̀yìn wọ́n rán 1983 sí ẹ̀yìn aṣọ kan náà, wọ́n so ó kọ́ sí àárín gbọ̀ngàn, kò kan ògiri kankan, kí ẹni tó bá wo iwájú lè yí lọ wo ẹ̀yìn. Wọ́n tún rán àpò kékeré kan sí i, wọ́n kọ “90 ọjọ́” sára ẹ̀, ìyẹn iye ọjọ́ tí àdéhùn ECOWAS (ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà) ti 1979 ní ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè lò ní òmíràn láìgba físà. Wọn ò fi nǹkan kan sínú àpò náà. Mo fẹ́ràn ẹ̀ ju gbogbo iṣẹ́ yòókù lọ.

Eré wọn gùn jù. Àmọ́ apá kan wà nínú ẹ̀ tó dùn mí wọra: ọmọkùnrin kan láti Tógò tó ń kọ ebè lóko wa, tí wọ́n ní tọ́dún bá yí po wọ́n á ra ọ̀kadà fún un, tọ́dún wá yí po tí wọ́n ní oúnjẹ tó jẹ ti jẹ owó ọ̀kadà. Bàbá kan dìde láàárín èrò pé irọ́ ni, àwọn ń tọ́jú tiwọn dáadáa. Ọmọ tó ṣe olóko kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ má bínú sà. Ọmọ tiyín tó jẹ́ ẹgbẹ́ ẹ̀, ṣé oko lòun náà wà?” Bàbá jókòó.

Ẹjọ́ mi rèé o. Wọ́n ò sọ fún wa tẹ́lẹ̀ pé a ó tún san ₦3,000 owó irinṣẹ́. Oúnjẹ ńkọ́? Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n ti ń jẹ ọkà kí wọ́n tó mu ẹ̀kọ yangan, bisíkíìtì àti mínírà ni wọ́n ń fún ọmọ ẹlọ́mọ láti àárọ̀. Èyí tó bí mi nínú jù ni pé wọ́n gbé fọ́tò màmá mi sí Facebook láìtọrọ, pẹ̀lú ìró tí wọ́n so láyà nínú ilé, láìwé gèlè. Ẹni tó ń kọ́ ọmọ nípa ẹ̀tọ́! Mo pè wọ́n, wọ́n yọ ọ́ lọ́jọ́ náà, wọ́n sì wá bẹ Màmá. Màmá fi Twi dá wọn lóhùn.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ forúkọ ọmọ sílẹ̀, ẹ bi wọ́n ní iye owó gan-an kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀. Ẹ sọ ọ́ lójú wọn pé ẹ ò fẹ́ fọ́tò tí ẹ ò bá fẹ́. Kẹ́ ẹ sì di oúnjẹ gidi fún un.