Ìkìlọ̀: Bí cooler tuntun bá wọlé tí kọ̀ǹpútà ò tàn, ẹ má fi bọ́ọ̀dù yín sílẹ̀ fún òǹtajà

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra cooler tuntun (irin àti fáànù tó ń mú ooru kúrò) fún CPU yín, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí ná. Gbájúẹ̀ kan wà nídìí ọjà yìí, bọ́ọ̀dù (motherboard, pátákó tí CPU jókòó lé) tí kò ṣe nǹkan kan ni wọ́n fi ń jẹun.

Ẹ ó bèèrè cooler fún LGA1700, ìyẹn irú socket Intel kan (ibi tí CPU ń wọ̀ lórí bọ́ọ̀dù), òǹtajà á ní, "Gbogbo Intel ló bá mu." Irọ́ ni. Ihò tí wọ́n ń de cooler mọ́ lára bọ́ọ̀dù LGA1151 àti LGA1200 fi mìlímítà 75 jìnnà síra. Ti LGA1700, tó jáde lọ́dún 2021, jẹ́ 78. Mìlímítà 3 péré, àmọ́ irin ìdè ti àtijọ́ ò ní wọ ibẹ̀ àfi tipátipá. Òun náà lá ní kí ẹ jẹ́ kóun bá yín dè é lọ́fẹ̀ẹ́. Tó bá dè é tán, iná á tàn, fáànù á máa yí, mọ́nítọ̀ ò ní fi nǹkan kan hàn. Á wá mi orí: "Bọ́ọ̀dù yín ti jó. Ẹ fi sílẹ̀, màá gbà á lówó pàǹtírí, kẹ́ ẹ fowó lé e gba òmíràn."

Ohun tí ẹni tó ta tèmi sọ gan-an nìyẹn. Mi ò fi sílẹ̀. Nígbà tí mo tú u nílé, síkúrúù méjì ti dá gẹ̀rẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Lápá kan, cooler ti tẹ thermal paste (ìpara tó ń gbé ooru láti CPU lọ sára cooler) débi pé irin CPU hàn. Lápá kejì, ó ṣì ki bí wọ́n ṣe fi sí i, cooler ò tilẹ̀ kàn án. Mo nù ún mọ́, mo fi òmíràn sí i, mo dá fáànù àtijọ́ padà. Ó tàn lójú ẹsẹ̀. Inú bí mi gan-an, torí ẹni tó bá gba ọ̀rọ̀ wọn gbọ́ ti fi nǹkan ìní rẹ̀ tọrẹ nìyẹn.

Ẹ kọ́kọ́ yẹ wáyà 8-pin tó wà lókè CPU, tó ń gbé iná fún un, wò. Ọwọ́ tó bá ń de cooler máa ń fà á yọ, bí kò bá sì sí níbẹ̀, fáànù lè máa yí kí nǹkan kan má hàn. Ẹ wo wáyà fáànù bóyá ó wà lójú ihò tí wọ́n kọ CPU_FAN sí lára bọ́ọ̀dù, torí ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù á dúró bí wọn ò bá rí i. Ẹ tún RAM (ìrántí kọ̀ǹpútà) tẹ̀ wọlé dáadáa. Bó bá ń tàn tó sì ń kú láìpẹ́, ẹ wo abẹ́ cooler: ó ṣeé ṣe kí ọ̀rá tín-ín-rín tí wọ́n fi bo irin rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Ti AM4, socket tí AMD ṣe, ló ń dẹ́rù bà mí jù. Ara CPU fúnra rẹ̀ ni ẹsẹ̀ wẹ́wẹ́ 1331 wà, bẹ́ ẹ bá sì fa cooler sókè ṣánṣán, CPU lè bá a jáde kí ẹsẹ̀ náà tẹ̀. Ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà gbóná díẹ̀ kẹ́ ẹ tó pa á, kẹ́ ẹ wá yí cooler sọ́tùn-ún sósì kẹ́ ẹ tó gbé e.

Lórí Intel àti AM5 (socket AMD tó tẹ̀lé AM4), inú socket ni ẹsẹ̀ wà. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbé bọ́ọ̀dù fún ẹnikẹ́ni, torí "ẹsẹ̀ ti tẹ̀" ni wọ́n fi ń kọ wàráńtì.

Bí orúkọ socket yín ò bá sí lára páálí, ẹ má sanwó. Bí wọ́n bá sì ti dè é, tí wọ́n ní kẹ́ ẹ fi bọ́ọ̀dù sílẹ̀ dọ̀la, ẹ gbé e, kẹ́ ẹ máa lọ.