Táyà kẹ̀kẹ́ fún ìgboro Ìlọrin àti ọ̀nà Òmù-Àrán: èwo ló tó owó yín?

Ohun mẹ́ta ló ń pa táyà kẹ̀kẹ́ n'Ílọrin: wáyà, etí kòtò, àti oòrùn. Ìṣó tí gbogbo ènìyàn ń bẹ̀rù ò tó wáyà rárá. Wáyà tí mò ń wí ni irin tín-ín-rín bí irun tó máa ń ṣẹ́kù sílẹ̀ bí wọ́n bá dáná sun táyà mọ́tò, torí irin wà nínú táyà mọ́tò. Níbi tí àwọn alápatà bá ti ń fi táyà wi irun ara màlúù, tàbí níbi tí wọ́n bá ti sun táyà sójú títì lásìkò ìwọ́de, irin náà kì í tán nílẹ̀ bọ̀rọ̀. Mọ́tò á gorí ẹ̀ kọjá. Kẹ̀kẹ́ ológeere ló máa gbé e dání délé.

Kí n tó dárúkọ táyà kankan, ẹ jẹ́ n sọ ibi tí mo dúró sí. Ìwọ̀n rímù ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, lẹ́yìn náà fífẹ̀ táyà, lẹ́yìn náà ààbò tó wà nínú ẹ̀. Orúkọ ilé iṣẹ́ ló kẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ ló ń ti orí orúkọ bẹ̀rẹ̀, wọ́n á wá ra táyà olówó iyebíye tí kò ní wọ rímù wọn láéláé.

Ìwọ̀n: ibi tí owó ti ń ṣòfò jù

Lára ẹ̀gbẹ́ táyà, oríṣi nọ́ńbà méjì ló máa ń wà. Ti àtijọ́ ń ka ínǹṣì: 26 x 1 3/8, 26 x 1.75, 28 x 1 1/2. Èkejì ni ti ETRTO, ìyẹn àjọ tó ń ṣètò ìwọ̀n táyà àti rímù ní Yúróòpù, òun ló máa ń rí báyìí: 37-590, 47-559, 40-635. Nọ́ńbà tó ṣáájú nínú ti ETRTO ni fífẹ̀ táyà ní mílímítà. Èyí tó tẹ̀ lé e ni ìwọ̀n rímù láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ìkejì, níbi tí etí táyà ti máa jókòó. Nọ́ńbà ẹ̀yìn yìí ni kí ẹ dì mú. Bí kò bá bá ti rímù yín mu, ẹ má rà á, kódà bí wọ́n bá fẹ́ fi ta yín lọ́rẹ.

Ẹ wo bó ṣe ń dàrú. 26 x 1 3/8 jẹ́ 590. 26 x 1.75 jẹ́ 559. "Twenty-six" ni ẹni tó ń tà á máa pe méjèèjì, kò sì parọ́, ṣùgbọ́n mílímítà 31 ló wà láàárín wọn. 28 x 1 1/2, ti kẹ̀kẹ́ Raleigh àti Phoenix àwọn bàbá wa, jẹ́ 635. 28 tó wà lára kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ láti Jámánì tàbí Netherlands jẹ́ 622, òun náà ni wọ́n ń pè ní 700C, òun náà sì ni 29 lára kẹ̀kẹ́ orí òkè. Ìyẹn ni pé 28 àti 29 lè jẹ́ ọ̀kan náà, nígbà tí 28 àti 28 ò jẹ́ ọ̀kan. 27 x 1 1/4 tún wà, 630 ni tiẹ̀, tí í ṣe pé ó tóbi ju 28 ti 622 lọ. Kò sí ọgbọ́n kankan níbẹ̀, bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ láyé àtijọ́ nìyẹn.

Kí ẹ tó jáde nílé, ẹ fi fóònù ya àwòrán nọ́ńbà tó wà lára táyà tẹ́ ẹ fẹ́ pààrọ̀. Bó bá ti pa rẹ́, ẹ tú táyà náà gbé dání lọ sọ́jà.

Fífẹ̀

Táyà tẹ́ẹ́rẹ́ ò bá ìgboro wa lò. Táyà mílímítà 28 nílò afẹ́fẹ́ púpọ̀ kó tó lè gbé ènìyàn, bó bá sì já sí kòtò, rímù á gé tíúbù mọ́ etí kòtò náà, ẹ máa bá ihò méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bẹ́ ẹ bá rí ihò méjì bẹ́ẹ̀, ẹ má wá ìṣó kiri. Afẹ́fẹ́ ló kéré tàbí táyà ló tẹ́ẹ́rẹ́.

Fún ẹni tó ń ti Tanke lọ sí Post Office lójoojúmọ́, tàbí tó ń gba Taiwo kọjá sí Ọjà-Ọba, mílímítà 40 sí 47 ló dáa. Fún ìrìn àjò pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn, 47 sí 50. Ẹ kọ́kọ́ wo àyè tó wà láàárín táyà àti fọ́ọ̀kì, àti lábẹ́ madigáàdì. Bí ìka ọwọ́ yín ò bá lè wọlé síbẹ̀ báyìí, táyà tó fẹ̀ jù báyìí lọ máa há, pàápàá lásìkò òjò tí ẹrẹ̀ pupa bá lẹ̀ mọ́ ọn.

Àwọn táyà fúnra wọn

| Táyà | Ààbò inú ẹ̀ | Ibi tó dára sí | Àléébù ẹ̀ |
|---|---|---|---|
| Táyà ọjà lásán | Kò sí | Kẹ̀kẹ́ ọmọdé, ìrìn àdúgbò | Wáyà ń gún un bó ṣe wù ú |
| Kenda tàbí CST tó ní ọ̀já ààbò | Ọ̀já fẹ́lẹ́ | Ìgboro ojoojúmọ́ | Ti ẹ̀yìn tètè ń jẹ |
| Schwalbe Marathon | GreenGuard, mílímítà 3 | Ìgboro, títì ọlọ́dà | Ó ń yọ̀ nínú ẹrẹ̀ |
| Schwalbe Marathon Plus | SmartGuard, mílímítà 5 | Wáyà, ìgò fífọ́ | Ó wúwo, ó sì le láti bọ́ |
| Schwalbe Marathon Mondial | Ọ̀já ààbò, ẹ̀gbẹ́ tó lágbára | Ẹrù, ọ̀nà ilẹ̀ pupa | Ó wọ́n |
| Continental Gatorskin | Ọ̀já fẹ́lẹ́, aṣọ ààbò lẹ́gbẹ̀ẹ́ | Kẹ̀kẹ́ eré ìje | Ó tẹ́ẹ́rẹ́ jù fún wa |

Táyà ọjà lásán ò yẹ kó gba àsìkò wa. Gatorskin náà, táyà gidi ni, ṣùgbọ́n ẹni tó ní kẹ̀kẹ́ eré ìje tó sì ń jí gùn ún ní òwúrọ̀ kùtù lórí ọ̀dà tó dán ló ni ín.

Kenda àti CST jẹ́ ti Taiwan. Láti 1962 ni Kenda ti wà. Cheng Shin tó ń ṣe CST bẹ̀rẹ̀ ní 1967, àwọn náà ló ń ṣe Maxxis. Àwọn èèyàn máa ń fojú tẹ́ńbẹ́lú wọn torí pé wọn ò wọ́n, mi ò sì mọ ìdí. Táyà Kenda tí wọ́n kọ K-Shield sí lára ní ọ̀já ààbò lábẹ́ ojú ẹ̀, ó sì tó fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gun kẹ̀kẹ́ wọ inú ọgbà Unilorin. Ẹ má kàn ra Kenda torí orúkọ, nítorí wọ́n ń ṣe èyí tí kò ní ọ̀já ààbò náà, bákan náà ni wọ́n sì jọ rí lórí ìkọ́. Ẹ ka ohun tó wà lára ẹ̀gbẹ́ ẹ̀.

Lórí iye tí wọ́n ń lò kí wọ́n tó jẹ tán, ilé iṣẹ́ Schwalbe fúnra wọn sọ pé táyà wọn lásán ń lo kìlómítà 2,000 sí 5,000, àti pé ìdílé Marathon ń lo 6,000 sí 12,000. Ẹni tó ń gun kìlómítà 10 lóòjọ́, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, á gun nǹkan bí 2,500 lọ́dún. Ilé iṣẹ́ Jámánì ni wọ́n o, títì wa ò sì dà bíi tiwọn, ẹ bá mi yọ díẹ̀ kúrò níbẹ̀. Síbẹ̀, bí iye owó Marathon bá jẹ́ ìlọ́po méjì ti Kenda, òun ni kí ẹ rà. Bó bá di ìlọ́po mẹ́rin, ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ lóòrèkóòrè nìkan ló máa jèrè ẹ̀. Mi ò ní kọ iye owó síbí, torí kí ẹ tó kà á, wọ́n á ti yí i padà.

Plus àbí Mondial?

Èyí ló máa ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn tó mọ̀ nípa táyà.

Marathon Plus ni táyà tó le gún jù tí mo mọ̀. Nínú ìwọ̀n ààbò 1 sí 7 tí Schwalbe ń lò, 7 ló wà. Rọ́bà mílímítà 5 tó wà lábẹ́ ojú ẹ̀ nípọn débi pé píìnì tí wọ́n fi ń kan ìwé mọ́ pátákó lè wọlé tán kó má kan tíúbù. Wáyà táyà sísun, tó jẹ́ pé kúkúrú ni, ò lè dé inú. Fún ìgboro Ìlọrin, mi ò rí ohun tó dà bí ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ó wúwo. Ti mílímítà 37 sún mọ́ kílò kan, ẹsẹ̀ yín á sì mọ̀ ọ́n níbi gbogbo tẹ́ ẹ bá ti dúró fún mọ́tò tẹ́ ẹ tún gbéra. Ó tún gan, kì í tètè wọ rímù. Bẹ́ ẹ bá ń wọ̀ ọ́, láti òdìkejì fáàfù ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa fi àtàǹpàkò méjèèjì ti etí ẹ̀ wọ kòtò àárín rímù bẹ́ ẹ ṣe ń bọ̀, kí ẹ wá parí ẹ̀ síbi fáàfù. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti ibi fáàfù á làágùn lásán, á sì fi ṣíbí tí wọ́n fi ń tú táyà gún tíúbù tuntun.

Ààbò Plus yìí, abẹ́ ojú táyà ló wà. Kò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Mondial ti wọlé.

Ẹ ká sọ pé ẹ ń lọ sí Òmù-Àrán. Ẹ máa gba Gánmọ̀, Ìdọ̀fian, títí dé Àjàṣẹ́-Ìpo, níbi tí ọ̀nà Ọ̀fà ti yà. Títì ọlọ́dà ni, ṣùgbọ́n etí ẹ̀ ti ń jẹ láwọn ibì kan, bí tírélà bá sì ń bọ̀, ẹ̀yin lẹ máa bọ́ sílẹ̀ fún un. Etí ọ̀dà tó ti ṣẹ́ yẹn, ẹ̀gbẹ́ táyà ló ń gé. Bẹ́ ẹ bá tún fẹ́ yà sí Èsìẹ́ lọ wo àwọn ère òkúta ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n ṣí ní 1945, tàbí kí ẹ wọnú oko lọ sí ìsàlẹ̀ ìsun omi Òwu, ilẹ̀ pupa àti òkúta wẹ́wẹ́ ń dúró dè yín. Mondial ní ojú tó gún-gún-gún tó ń di ilẹ̀ mú, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ sì lágbára. Èyí tí kò ní irin létí ṣeé ká, ẹ lè so ọ̀kan mọ́ ẹrù bí ìpààrọ̀. Marathon Plus ò ṣeé ká bẹ́ẹ̀, torí irin ló wà létí ẹ̀.

Ìdájọ́ tèmi: ìgboro nìkan, Plus sẹ́yìn, Marathon lásán síwájú. Ẹ̀yìn ló ń gbé ẹrù jù, ibẹ̀ náà ló máa ń jò jù. Ìrìn àjò, Mondial síwájú sẹ́yìn. Ẹni tí owó ẹ̀ ò bá ká èyíkéyìí nínú wọn, kó ra Kenda tàbí CST tó fẹ̀ tó 47, kó fi owó tó kù ra tíúbù méjì.

Tòkunbọ̀

Kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ máa ń dé pẹ̀lú Marathon lẹ́sẹ̀ nígbà mìíràn, àwọn kan sì ń tú táyà náà tà lọ́tọ̀. Ohun rere ni, bẹ́ ẹ bá mọ bí wọ́n ṣe ń wò ó. Ẹ tẹ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kó kákò: bó bá là wẹ́wẹ́, oòrùn ti jẹ ẹ́, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Ẹ wo ojú ẹ̀. Ààbò Marathon Plus ní àwọ̀ búlúù, ti Marathon lásán ní àwọ̀ ewé. Bẹ́ ẹ bá rí búlúù tàbí àwọ̀ ewé tó ti yọjú sójú táyà, ó ti jẹ tán nìyẹn, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ fún yín pé ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é ni.

Afẹ́fẹ́ àti fọ́kanáísà

Fáàfù tó dà bíi ti mọ́tò ni kí ẹ rà tíúbù ẹ̀, torí òun ni gbogbo fọ́kanáísà lè fẹ́. Èyí tín-ín-rín tó ní nọ́ọ̀tì kékeré lórí nílò ohun tí wọ́n fi ń so ó pọ̀ mọ́ pọ́ǹpù, tí ìyẹn bá sì sọnù n'Ígbàjà, ẹsẹ̀ lẹ máa fi rìn.

Tíúbù kẹ̀kẹ́ kékeré, ẹ̀rọ fọ́kanáísà sì le. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ló fi ń kún àkúnjù. Nítorí náà ẹ sọ fún un kó tó bẹ̀rẹ̀: "Àáfà, ẹ jọ̀ọ́, 50 péré, díẹ̀díẹ̀." Fún ẹni tó wúwo tó kílò 75 sí 85, táyà 47 ń fẹ́ nǹkan bí 45 sí 55 psi (òun ni wọ́n fi ń wọn agbára afẹ́fẹ́ inú táyà), táyà 37 ń fẹ́ nǹkan bí 60 sí 70. Iye tó pọ̀ jù lọ wà lára ẹ̀gbẹ́ táyà, ẹ má kọjá ẹ̀. Àwọn tó ń sọ pé oòrùn ló bẹ́ táyà wọn lóṣù kẹta, àfẹ́jù ló máa ń jẹ́ tàbí táyà tó ti là. Bí ooru bá gòkè láti dígírì 25 dé 55 ti Sẹ́síọ́ọ̀sì, 60 psi á di nǹkan bí 67, táyà tó dáa á gbé ìyẹn. Ohun tí oòrùn ń ṣe ni pé ó ń jẹ rọ́bà díẹ̀díẹ̀, ẹ gbé e sábẹ́ igi.

Táyà tí kò gba afẹ́fẹ́ rárá? Ó ń gbo ènìyàn, ó sì ń ṣẹ́ sípóòkù. Ẹ má rà á.

Bó bá jò, ẹ má wulẹ̀ lẹ tíúbù padà kí ẹ sì wọ táyà. Ẹ yí inú táyà síta, kí ẹ mú òwú, kí ẹ rọra fi fà á yípo. Ibi tí òwú bá ti há, wáyà wà níbẹ̀, bí ojú ò bá tilẹ̀ rí i. Ẹ fi ohun ìgé-èékánná fà á yọ láti ìta. Ẹni tí kò ṣe èyí á padà sọ́dọ̀ fọ́kanáísà kan náà lọ́jọ́ kejì, á sì máa bú tíúbù.

Bó bá jẹ́ irú táyà kan náà lẹ lò síwájú sẹ́yìn, nígbà tí ti ẹ̀yìn bá jẹ tán, ẹ má fi tuntun síbẹ̀. Ẹ gbé ti iwájú lọ sẹ́yìn, kí tuntun wà níwájú. Táyà ẹ̀yìn tó bẹ́ á kàn máa mi yín, ẹ ṣì lè dúró. Ti iwájú, bó bá bẹ́ bẹ́ ẹ ṣe ń sọ̀kalẹ̀ òkè, ilẹ̀ ló ń gbé ènìyàn lọ.