Clinton àbí Jay: gómìnà New York wo ló ṣe dáadáa jù?

Tó bá jẹ́ ti pípẹ́ lórí àga, kò sí àríyànjiyàn, George Clinton ló ni ín. Ó di gómìnà ní 1777, ogun òmìnira ṣì ń lọ lọ́wọ́, kò kúrò àfi 1795, ó tún padà wá lo ọdún 3 sí i láti 1801, ẹ ṣírò ẹ̀, ọdún 21 nìyẹn o! John Jay ní tiẹ̀, ọdún 6 péré, àmọ́ òun ti jẹ́ adájọ́ àgbà àkọ́kọ́ fún gbogbo Amẹ́ríkà kó tó débẹ̀.

Ìbò 1792, tí àwọn méjèèjì jọ du àga gómìnà, ló dùn jù. Wọ́n ní sáà ṣẹ́ríìfù (olórí agbófinró káúńtì) tó kó ìbò káúńtì Otsego ránṣẹ́ ti parí, ni wọ́n bá da ìbò yẹn nù, wọ́n da ti káúńtì Tioga àti káúńtì tó ń jẹ́ Clinton náà nù, Clinton wá fi ìbò 108 wọlé. Ẹ gbọ́, èwo ni ká pe ìyẹn, tí kì í bá ṣe màgòmágó? Ní 1795 Jay wà ní London nígbà tí wọ́n ń polongo ìbò fún un, ó sì wọlé.

Èmi o, Jay ni mo mú. Òun ló buwọ́ lùwé òfin 1799 tó ń dá àwọn ọmọ ẹrú sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ (òun náà lẹ́rú o, ká má parọ́), nígbà tí Alexander Hamilton, aṣáájú ẹgbẹ́ òṣèlú Jay, sì ní kó yí ètò ìbò ààrẹ 1800 po torí ẹgbẹ́ wọn, kò dá a lóhùn. Clinton di igbákejì ààrẹ, orí oyè yẹn ló kú sí ní 1812. Jay lọ jókòó sóko ẹ̀ ní Bedford.