Ìkìlọ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra ọkọ̀ àlòkù: ẹ yẹ iná ọ́ìlì wò dáadáa kí ẹ tó sanwó

Ẹ̀yin tí ẹ ń wá ọkọ̀ àlòkù rà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Oníṣòwò kan ta ọkọ̀ tí ìfúnpá ọ́ìlì rẹ̀ (agbára tí páǹpù fi ń ti ọ́ìlì káàkiri inú ẹ́ńjìnnì) ti wálẹ̀ gan-an fún mi. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì fi wáyà kan àti ọ́ìlì tó ki bo àìsàn náà mọ́lẹ̀ tí n kò fi rí i.

Ẹ́ńjìnnì tutù nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó ní òun kò fẹ́ kí epo ṣòfò, nítorí náà kò jẹ́ kí a tan ọkọ̀ ju bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Mo yí kọ́kọ́rọ́, iná pupa tó ní àwòrán agolo ọ́ìlì tàn, ẹ́ńjìnnì ṣí, iná náà kú, ọkàn mi sì balẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, lẹ́yìn tí mo ti wa ọkọ̀ fún nǹkan bíi wákàtí kan, mo dá ọkọ̀ dúró díẹ̀ láì pa ẹ́ńjìnnì, mo sì gbọ́ tí nǹkan ń lu kọ̀-kọ̀-kọ̀ nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, síbẹ̀ iná ọ́ìlì kò tàn. Mo pa á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, mo sì ní kí wọ́n fi ọkọ̀ mìíràn fà á délé.

Rewáyà tí mo pè ni ó tú àṣírí. Wọ́n ti gé wáyà tó ti ara síwíìṣì ọ́ìlì wá (ohun kékeré tó wà lára ẹ́ńjìnnì, tó ń tan iná ọ́ìlì bí ìfúnpá bá wálẹ̀), wọ́n sì so iná ọ́ìlì mọ́ wáyà iná bátìrì, kí méjèèjì lè máa tàn pọ̀, kí wọ́n sì máa kú pọ̀ bí ọ́tánétọ̀, ẹ̀rọ tó ń fún bátìrì ní iná, bá ti ń gbé iná jáde. Ibi tí wọ́n so ó pọ̀ sí, wọ́n fi téèpù dúdú wé e dáadáa, téèpù tuntun lórí wáyà tó ti gbó, èyí tí ẹni tó bá wo abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù ìbá rí. Ìdí nìyí tí títàn tí iná náà tàn lójú mi kò fi já mọ́ nǹkan kan. Kò mọ̀ bóyá ọ́ìlì ń rìn tàbí kò rìn.

Àyẹ̀wò kan wà tí kò gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí síwíìṣì ọ́ìlì wọn ní wáyà kan ṣoṣo, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ láì ṣí ẹ́ńjìnnì: iná ọ́ìlì á tàn. Ẹ yọ wáyà lára síwíìṣì náà: iná gbọ́dọ̀ kú. Ẹ fi ẹnu wáyà náà kan irin ara ẹ́ńjìnnì: ó gbọ́dọ̀ tún tàn. Bí ohun tí ẹ ṣe sí wáyà yìí kò bá mú iná yípadà rárá, ẹnìkan ti fọwọ́ kàn án, tàbí kí ó jẹ́ pé wáyà náà ti já. Àwọn ọkọ̀ tuntun tí kọ̀ǹpútà ń darí ní ọ̀nà tiwọn, ẹ wo ìwé wọn.

Ọ́ìlì ni irọ́ kejì. Ìwé ọkọ̀ náà ní 5W-30, ọ́ìlì tí kò ki púpọ̀, ni kí a máa lò, ṣùgbọ́n nígbà tí mẹkáníìkì tú bóòtì ìsàlẹ̀, ohun tó jáde ń fà bí oyin. Ọ́ìlì tó ki bẹ́ẹ̀ a máa gbé ìfúnpá sókè, pàápàá bí ẹ́ńjìnnì bá tutù, a sì máa bo ìró béárìn (irin pẹlẹbẹ tí ọ̀pá inú ẹ́ńjìnnì ń yí lórí rẹ̀) tó ti jẹ mọ́lẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Bí ara ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná, ọ́ìlì a ṣàn, gbogbo rẹ̀ a sì hàn. Mo wá mọ ìdí tí kò fi fẹ́ kí a tan ọkọ̀ pẹ́.

A da ọ́ìlì tó tọ́ sí i, a yọ síwíìṣì, a sì fi géèjì, ohun tí a fi ń wọn ìfúnpá, sí ihò rẹ̀. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì gbóná, 5 psi (psi ni òdiwọ̀n ìfúnpá) ló kà nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ láì tẹ tọ́rótù, 18 psi péré ló sì kà nígbà tí ìyípo ẹ́ńjìnnì wọ 3,000 ní ìṣẹ́jú kan. Òdiwọ̀n tí àwọn mẹkáníìkì sábà máa ń lò ni 10 psi fún ìyípo 1,000 kọ̀ọ̀kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé ọkọ̀ ló ní ọ̀rọ̀ ìkẹyìn. A fi ayùn gé fílítà, àwọn èérún irin wẹ́wẹ́ sì ń dán láàárín bébà rẹ̀. Béárìn kíráǹkì, ọ̀pá ńlá tó ń yí nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, ti jẹ débi pé àwọ̀ bàbà ti yọ. A gbé kíráǹkì lọ kí wọ́n fi ẹ̀rọ lọ ojú rẹ̀ dán, a fi béárìn tó bá a mu àti páǹpù ọ́ìlì tuntun sí i, a fọ gbogbo ojú ọ̀nà ọ́ìlì. Owó náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì owó tí mo fi ra ọkọ̀. Oníṣòwò náà ní ọkọ̀ àlòkù ni, òun kì í gba ìdápadà.

Ẹ má ṣe torí èyí gbà fún mẹkáníìkì tó bá rí iná ọ́ìlì tó tàn, tó sì sọ lójú ẹsẹ̀ pé ẹ́ńjìnnì ti kú. Ọ́ìlì lè ti dínkù, síwíìṣì lè ti bàjẹ́ (èyí kò wọ́n, ó sì wọ́pọ̀), ìdọ̀tí lè ti dí asẹ́ páǹpù, fáàfù tó ń dín ìfúnpá kù lè ti há ní ṣíṣí, epo bẹntiróòlù sì lè ti dà pọ̀ mọ́ ọ́ìlì. Kí ó fi géèjì sí i kí ó tó tú ohunkóhun.

Ní ti ẹni tó fẹ́ rà, ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ wa ọkọ̀ náà fún ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí mẹkáníìkì yín sì fi géèjì wọn ọ́ìlì rẹ̀ nígbà tó ṣì gbóná. Bí ẹni tó ń tà á bá kọ̀, ẹ gbé owó yín padà sílé.