Abẹ́rẹ́ ìhun tó ń tú lórí: ọdún méjì rèé tí mo ti ń lò ó

Ẹ jẹ́ kí n ti ibi tó dùn mí jù bẹ̀rẹ̀. Inú ọkọ̀ ojú irin ni mo wà lọ́jọ́ náà, mò ń hun ara síwẹ́tà yípoyípo, ojú ìhun 200, ìyẹn àwọn ìkọ́ òwú tó ń di aṣọ, ló wà lórí abẹ́rẹ́, mo sì ti hun ún dé abẹ́ apá, àfi bí mo ṣe gbọ́ tàú kékeré báyìí, kí n tó wolẹ̀ wáyà ti yọ kúrò nídìí abẹ́rẹ́, ojú ìhun bí ogójì ti ń já bọ́ sórí itan mi níkọ̀ọ̀kan bí ìlẹ̀kẹ̀ tí okùn ẹ̀ já. Mi ò lè pariwo, mi ò lè sunkún, ọkùnrin tó jókòó tì mí kàn ń wò mí bíi pé owó ló sọnù lọ́wọ́ mi. Owó kẹ̀! Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni o.

Abẹ́rẹ́ yẹn náà ni mo ṣì ń lò títí dòní, òun sì ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀.

Fún ẹ̀yin tẹ́ ò tíì rí irú ẹ̀ rí, abẹ́rẹ́ kúkúrú méjì ni, wáyà róbà kan ló so wọ́n pọ̀ láàrin, ṣùgbọ́n síkúrù ni wọ́n fi dè é, wọn ò lẹ̀ ẹ́ pa. Ẹ lè tú orí abẹ́rẹ́ kúrò kẹ́ ẹ fi èyí tó tóbi jù ú lọ sí i, ẹ sì lè tú wáyà fúnra ẹ̀ kẹ́ ẹ fi èyí tó gùn sí i. Tèmi tí mo rà, orí abẹ́rẹ́ oríṣi mẹ́jọ ló wà níbẹ̀, 3.5 mílímítà ló ti bẹ̀rẹ̀, ó parí sí 8, igi ni wọ́n fi ṣe wọ́n. Wáyà mẹ́rin, 60 sẹ̀ǹtímítà kan, 80 méjì, 100 kan. Kọ́kọ́rọ́ tín-ín-rín bíi pínnì tí wọ́n fi ń fún síkúrù, àti àwọn ìdérí róbà kéékèèké. Gbogbo ẹ̀ wà nínú pọ́ọ̀sì kan tí ò ju ìwé ńlá kan lọ.

Ìdí tí mo fi rà á ò ju pé mi ò gbé nílé ara mi. Èèyàn tó bá wà lókè òkun tó ń kó láti yàrá kan sí òmíì máa mọ ohun tí mò ń sọ, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo kó lọ́dún mẹ́ta, àpótí kan náà ni mò ń gbé kiri, yàrá tí mo sì wà báyìí, tí mo bá na apá méjèèjì ó kù díẹ̀ kí n fọwọ́ kan ògiri. Tẹ́lẹ̀, mo ní abẹ́rẹ́ gígùn oríṣiríṣi, àwọn tó rí ṣánṣán bí ọ̀pá yẹn, mo to gbogbo wọn sínú jọ́ọ̀gì bí òdòdó. Ìgbà kejì tí mo kó ni mo fún àwọn aládùúgbò, àpótí ò gbà wọ́n, wọ́n ti dá àpò mi méjì lu. Ara wàhálà abẹ́rẹ́ gígùn yẹn náà ni pé téèyàn bá ń hun nǹkan nínú ọkọ̀, ìdí ẹ̀ á máa gún ẹni tó jókòó tini nígbọ̀nwọ́. Èyí tó ní wáyà ò ṣe bẹ́ẹ̀, itan ni gbogbo ìwúwo iṣẹ́ máa ń wà, ọrùn ọwọ́ á sinmi. Ìgbà tí mo hun bùláńkẹ́ẹ̀tì, wáyà 100 yẹn ni mo lò, mò ń lọ mò ń bọ̀ lórí ẹ̀ bí abẹ́rẹ́ lásán, kò pọn dandan kéèyàn hun ún yípo.

Màmá mi pè mí lórí fídíò lọ́jọ́ kan wọ́n rí òwú ní gbogbo orí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ní "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé òwú lo wá lọ ń hun lókè òkun ni?" Mo ní "Ẹ jọ̀ọ́ mà, òtútù ni o." Kò pé oṣù méjì tí wọ́n ti ń bi mí pé àwọ̀ wo ló wà nílẹ̀, pé àwọn ń fẹ́ búlúù o, kó má mọ́lẹ̀ jù.

Ibi tí abẹ́rẹ́ yìí ti gbà mí sílẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ sáìsì. Ẹ gbọ́, nọ́ńbà tí wọ́n ń kọ sára abẹ́rẹ́ ìhun ò dọ́gba láti ìlú kan sí òmíì. Nọ́ńbà 8 ti Amẹ́ríkà, 5 mílímítà ni. Nọ́ńbà 8 ti ayé àtijọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 4 mílímítà ni. Kì í tiẹ̀ ṣe pé wọ́n yàtọ̀ nìkan, òdìkejì ara wọn ni, ti Amẹ́ríkà bí nọ́ńbà bá ṣe ń ga ni abẹ́rẹ́ ń tóbi, ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ bó bá ṣe ń ga ló ń tín-ín-rín sí i. Èmi ò mọ̀. Ìwé ìhun Gẹ̀ẹ́sì tó ti pẹ́ ni ẹnìkan fún mi, wọ́n ní kí n fi 8 hun fìlà, mo lọ ra 8 ti Amẹ́ríkà, fìlà tó jáde níbẹ̀ igbá lè wọ̀ ọ́. (Àwọn tó ń ṣe crochet, ìyẹn ìhun tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ oníkọ́ kan ṣe, ẹ̀yin náà ẹ ṣọ́ra, ojú ìhun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní double crochet ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní single crochet, mo ti rí ẹni tó tú odidi ìrọ̀rí torí ẹ̀.) Àwọn orí abẹ́rẹ́ inú pọ́ọ̀sì yìí, mílímítà ni wọ́n kọ sí wọn lára, kò sí pé ìlú wo la wà.

Èkejì, mo máa ń háwọ́ tí mo bá ń hun nǹkan, kì í ṣe ti ahun o, mo kàn máa ń fa òwú jù ni. Ká ní ìwé ní ojú 20 ló gbọ́dọ̀ wà nínú sẹ̀ǹtímítà 10, síwẹ́tà tí yípo àyà ẹ̀ jẹ́ 100 á gba ojú 200. Tèmi á jẹ́ 22 nínú 10 yẹn. Ojú 200 kan náà á wá di nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 91, ẹ ò rí i pé ọmọ ìyá mi kékeré ló máa wọ̀ ọ́, èmi kọ́. Nígbà tí abẹ́rẹ́ tí mo ní ò pọ̀, mo máa ń gba kámú ni, mo máa ń hun ún bẹ́ẹ̀ kí n máa gbàdúrà. Ní báyìí mo hun èkúté, ìyẹn ègé kékeré tí mo fi ń dán an wò, èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ yẹn torí ó máa ń ká jọ bí èkúté lórí tábìlì, mo fọ̀ ọ́, mo jẹ́ kó gbẹ, mo wọ̀n ọ́, tó bá há mo tú 4.5 kúrò mo fi 5 sí i. Ẹ má fo fífọ̀ yẹn o, àgàgà òwú irun àgùntàn tí wọ́n kọ superwash sí lára, wọ́n ti ṣe é kó má baà kì pọ̀ nínú ẹ̀rọ ìfọṣọ, ṣùgbọ́n tó bá ti mu omi ó máa ń nà.

Ohun kan wà tí mi ò rò nígbà tí mò ń rà á tó jẹ́ pé òun ni mo fẹ́ràn jù báyìí. Etí síwẹ́tà nísàlẹ̀, ibi tó máa ń fà bíi rọ́bà yẹn, abẹ́rẹ́ tó kéré ni wọ́n fi ń hun ún, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ bọ́ sórí èyí tó tóbi. Tẹ́lẹ̀ ńkọ́, àfi kí n máa kó ojú 200 láti orí abẹ́rẹ́ kan sórí ìkejì. Báyìí mo tú orí 4 mo fi orí 5 dípò, ojú kan ò kúrò lórí wáyà. Tí mo bá sì nílò abẹ́rẹ́ yẹn fún iṣẹ́ míì, màá fi ìdérí róbà yẹn dé ẹnu wáyà méjèèjì, síwẹ́tà á wà níbẹ̀ á máa dúró dè mí. Ìgbà kan mo ní iṣẹ́ mẹ́ta lórí wáyà, orí abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ló ń bójú tó gbogbo wọn bí ìyàwó ilé.

Ó yá, àléébù. Wáyà ẹ̀ máa ń ká gan-an tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ mú un jáde, ó le bíi wáyà iná, inú omi gbígbóná ni mo máa ń rì í sí fún ìṣẹ́jú kan kí n tó nà án. Nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára igi yẹn náà, kò pé oṣù mẹ́fà tí ìka ti nù ún kúrò lára àwọn tí mò ń lò dáadáa, mo ní láti ra rúlà oníhò tí wọ́n fi ń wọn abẹ́rẹ́. Àwọn tó ń hun sọ́ọ̀kì, ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu, abẹ́rẹ́ tín-ín-rín bíi 2.5 tẹ́ ẹ nílò ò sí níbẹ̀.

Igi sì ni, mo gbà, igi máa ń kán. Igi fẹ́lẹ́ fẹ́lẹ́ ni wọ́n lẹ̀ pọ̀, ó dùn-ún dì mú, ojú ìhun ò sáré yọ̀ lórí ẹ̀ bíi ti irin, ó sì ń gbóná díẹ̀ lọ́wọ́ nígbà òtútù, ṣùgbọ́n mo jókòó lé 3.5 lórí àga, ó kán. Ẹ̀bi mi ni. Mo kọ̀wé sí àwọn tí mo ti rà á pé ẹ jọ̀ọ́ mo fẹ́ san owó orí kan péré, wọ́n ní kò burú, mo san, ó gbà wọ́n ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, nígbà tó dé, 4 mílímítà ni. Ojú lásán ò lè mọ̀ ọ́n, rúlà oníhò yẹn ló tú àṣírí. Mo tún kọ̀wé, wọ́n ní kí n dá a padà kí n san owó ìfiránṣẹ́ fúnra mi. Èmi ni wọ́n ṣẹ̀, èmi ni màá tún sanwó! Mo kàn gbé e jù sínú pọ́ọ̀sì. Mo ti wá ń lò ó báyìí ṣá, mo fi 4 sọ́wọ́ òsì, mo fi 4.5 sọ́wọ́ ọ̀tún, torí abẹ́rẹ́ ọwọ́ tó ń ṣe ojú tuntun ló ń pinnu bí iṣẹ́ á ṣe tóbi tó, èyí tó kéré lọ́wọ́ kejì á jẹ́ kí ojú máa yọ̀ wẹ́rẹ́, fún èmi tí mò ń háwọ́ ó wúlò gan-an.

Ní ti síkúrù tó já mi kulẹ̀ nínú ọkọ̀, mo ti wá mọ̀ pé ọwọ́ nìkan ni mo fi ń fún un, mi ò lo kọ́kọ́rọ́. Ihò kékeré kan wà lára irin ìdí wáyà, inú ẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ ń wọ̀, ẹ dì í mú kẹ́ ẹ wá yí orí abẹ́rẹ́ títí á fi le. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀, kò tíì yọ. Ihò kan náà yẹn, mo tún máa ń fi òwú tẹ́ẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́ tí mo bá fẹ́ hun ibi tó díjú, bí mo bá ṣe ń hun ìlà yẹn lọ òwú náà á gba inú gbogbo ojú kọjá láìjẹ́ pé mo fi abẹ́rẹ́ aṣọ rán an, tí nǹkan bá bàjẹ́ lókè, ibẹ̀ ni màá tú u dé, kò ní já kọjá ibẹ̀. Síwẹ́tà ọjọ́ náà kò ní irú òwú bẹ́ẹ̀ nínú. Mo tú u dé ibi etí.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un. Èyí tó kù yẹn, kí wọ́n lọ wá a níbi tí 3.5 mi wà.