Súfeyọ̀ Alágbàká yẹn mọṣẹ́, àmọ́ wọ́n lọ́ra

Ẹ̀yin tí ẹ ń bi mí nípa ọ́físì súfeyọ̀ tí mo lò ní Alágbàká, l'Ákùrẹ́, iṣẹ́ wọn dáa, wọ́n kàn ń fi falẹ̀ ni. Ó ti pẹ́ gan-an tí mo ti ra ilẹ̀ gbẹ̀yìn, láyé ìgbà yẹn rìsíìtì ẹbí ti tó ọ̀pọ̀ èèyàn, kí ẹ máa kọ́lé lọ, ní báyìí ṣá, mi ò lè fi owó mi ta tẹ́tẹ́.

Ẹ́jẹ́ǹtì mú mi dé ilẹ̀ kan lọ́nà Ọbà-Ilé, ó ní kí n tètè sanwó torí ẹlòmíì ti ń bọ̀ (tàwọn èèyàn yìí, ẹlòmíì ń bọ̀ ṣáá ni). Mo ní kí súfeyọ̀ kọ́kọ́ wá ná. Ọmọkùnrin yẹn gbé GPS ẹ̀ dé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó kọ nọ́ńbà ibẹ̀ sílẹ̀, wọ́n wá lọ ṣe charting ẹ̀ (ìyẹn ni pé wọ́n fi nọ́ńbà yẹn wá ibẹ̀ lórí máàpù ìjọba) lọ́fíìsì Surveyor-General, ọ̀gá súfeyọ̀ ìpínlẹ̀. Àṣé ìjọba ti gba apá kan ibẹ̀ fún iṣẹ́ tiwọn, kò sí bí mo ṣe lè rí C of O (ìwé ilẹ̀ tí gómìnà ń fọwọ́ sí) gbà lórí apá yẹn. Ẹbí tó ń tà á ò purọ́ o, ilẹ̀ bàbá wọn ni, ṣùgbọ́n láti 1978 tí Land Use Act, òfin ilẹ̀ Nàìjíríà, ti dé, ọwọ́ gómìnà ni ilẹ̀ ìpínlẹ̀ wà. Ẹ́jẹ́ǹtì bínú lọ. Ilẹ̀ mìíì tí wọ́n bá mi yẹ̀ wò lọ́nà Ọ̀dà ló mọ́ tónítóní, òun náà ni mo sì mú.

Ohun tó dùn mọ́ mi jù ni pé wọ́n jókòó ṣàlàyé máàpù yẹn fún mi ní Yorùbá, wọ́n fi nọ́ńbà SURCON wọn (àjọ tó ń fún súfeyọ̀ níwèé àṣẹ) hàn mí láìjẹ́ pé mo béèrè, wọ́n sì jẹ́ kí n mọ ìgbà tí wọ́n gbé red copy, ẹ̀dà pláànù ilẹ̀ tó máa ń wà lọ́dọ̀ ìjọba, lọ síbi tó yẹ. Ibi tí wọ́n ti dùn mí ni owó mọ́tò tí wọ́n tún bù lé e lẹ́yìn tá a ti sọ iye, ẹ yáa bá wọn sọ gbogbo ẹ̀ papọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Wọn ò bá èèyàn wo ọ̀rọ̀ ẹbí o. Bóyá olórí ẹbí fọwọ́ sí i, lọ́yà lẹ máa fi ìyẹn lọ̀, torí tí olórí ẹbí ò bá sí níbẹ̀, títà yẹn ò dúró ní kọ́ọ̀tù. Tí ẹ bá fẹ́ pè wọ́n, ẹ pè láàárọ̀, tó bá ti dọ̀sán wọn kì í gbé fóònù.