Ìpara Ìdènà Oòrùn Tí Ọwọ́ Mi Ń Wá Ní Àràárọ̀

Ó ti pé oṣù mẹ́fà báyìí tí mo ti ń fi ìpara ìdènà oòrùn kan pa ojú àti ọrùn ní àràárọ̀, yálà oòrùn ràn tàbí kò ràn, mo sì rò pé àkókò ti tó láti sọ bí mo ṣe rí i. SPF rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ bí ìpara ṣe ń dènà oòrùn tó, jẹ́ 50, ike rẹ̀ gba mílílítà 50, wọ́n sì po àwọ̀ ilẹ̀ díẹ̀ mọ́ ọn kí ó lè bá awọ dúdú lọ.

Èyí tí mo rà ṣáájú rẹ̀ kò ní àwọ̀ kankan nínú. Zinc oxide ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, bí ó sì ti wù kí n fi ọwọ́ ra á tó, funfun rẹ̀ ṣì máa ń hàn ní etí irun orí, nínú irùngbọ̀n àti ní ẹ̀gbẹ́ imú. Ọjọ́ kẹrin ni mo pa á tì. Èmi kò sọ pé kò ṣiṣẹ́, nítorí pé zinc oxide wà lára àwọn èròjà tó ń dènà oòrùn dáadáa, ṣùgbọ́n ìpara tí ènìyàn ń tijú láti fi jáde kì í pẹ́ di ohun tí a gbàgbé sí kọ̀rọ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń fi ìbéèrè kan ṣoṣo wọn ìpara tuntun yìí: ṣé ọwọ́ mi á wá a ní àárọ̀ ọjọ́ tí mo bá ń kánjú?

Ọwọ́ mi ń wá a. Bí mo bá tẹ ike náà, ìpara á jáde ṣùẹ̀ṣùẹ̀, mo sì máa ń fà á gùn sórí ìka méjì láti ìsàlẹ̀ dé ṣóńṣó, nítorí pé ìwọ̀n yẹn ló tó ojú àti ọrùn. Ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, ó máa ń dán bí ẹni pé a fi òróró pa ojú. Kí n tó wọ aṣọ tán, ó ti wọra, kò sì lẹ̀ mọ́ ọwọ́ mọ́. Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n yìí ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò lọ. Mílígíráàmù 2 lórí sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fi ń dán ìpara wò kí wọ́n tó kọ nọ́ńbà SPF sí i lára, nítorí náà ẹni tó bá fi díẹ̀ kín-ún pa ojú kò rí ààbò tí nọ́ńbà náà ṣèlérí gbà. SPF 30 ń dá nǹkan bí ìdá 97 nínú 100 ìtànṣán oòrùn tí wọ́n ń pè ní UVB dúró, SPF 50 sì ń dá nǹkan bí ìdá 98 dúró. Ìyàtọ̀ wọn kò tó ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹni tó pa á dáadáa àti ẹni tó fọwọ́ kàn án lójú lásán.

UVB ló ń jó awọ ara. UVA, ìtànṣán oòrùn mìíràn, ń wọnú awọ jù ú lọ, ó ń gba inú gíláàsì fèrèsé kọjá, òun ló sì ń tètè sọ awọ di hẹ́gẹhẹ̀gẹ. Mo yẹ ike náà wò, mo sì rí lẹ́tà UVA nínú róbótó kékeré, èyí tí ó túmọ̀ sí, lábẹ́ ìlànà ilẹ̀ Yúróòpù, pé ààbò rẹ̀ lórí UVA tó ìdá kan nínú mẹ́ta SPF rẹ̀, ó kéré tán.

Àwọ̀ inú rẹ̀ kì í ṣe fún ẹwà nìkan. Iron oxide ni wọ́n fi ṣe é, ó sì ń dènà ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí, èyí tó máa ń mú kí àpá dúdú ṣókùnkùn sí i lára àwa aláwọ̀ dúdú. Melanin, èròjà tó ń mú awọ wa dúdú, ń ràn wá lọ́wọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò tó. Àpá tí irorẹ́ fi sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ti ń parẹ́ díẹ̀díẹ̀ láti ìgbà tí oòrùn kò ti rí i kùn mọ́. Ẹ má ṣe tìtorí èyí pè é ní ìpara ìbóra o. Kì í bó àwọ̀, ṣe ló ń fún awọ láyè láti tún ara rẹ̀ ṣe.

Ní ọdún 1992, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan ní ìlú Nambour ní Ọsirélíà, wọ́n ní kí àwọn kan máa fi ìpara pa ara lójoojúmọ́, wọ́n sì fi àwọn yòókù sílẹ̀ kí wọ́n lò ó bó bá ṣe wù wọ́n. Àbájáde tó jáde ní ọdún 2013 fi hàn pé, nínú àwọn tí kò tíì pé ọdún 55, ọjọ́ ogbó tó hàn lára awọ àwọn olójoojúmọ́ fi ìdá 24 nínú 100 dín sí ti àwọn yòókù. Èyí ló mú mi gbé ike náà sí ẹ̀gbẹ́ búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín.

Ó ní àbùkù. Ó máa ń ta sójú bí òógùn bá pọ̀, ó sì ń kun ọrùn ẹ̀wù funfun. Bí mo bá wà níta, tí mo sì ní láti tún un pa lẹ́yìn wákàtí méjì, àwọ̀ rẹ̀ máa ń ṣù jọ, nítorí náà èyí tí kò láwọ̀, tó sì ṣàn bí omi, ni mo máa ń lò ní ọ̀sán. Ike kan kò lò ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ. Síbẹ̀, ìkarùn-ún ló wà níbẹ̀ báyìí.